Ilẹ̀kùn Tí Kì í Gba Orúkọ

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Inú ń bí mi. Mo mọ̀ pé kì í ṣe báyìí ló yẹ kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà sí bàbá rẹ̀ tó ti lọ. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí yín dáadáa, kí n bèèrè àlàáfíà yín, kí n ṣàdúà pé kí Ọlọ́run tẹ́ yín sáfẹ́fẹ́ rere. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà pé mo ti ṣe gbogbo ìyẹn. Ọ̀rọ̀ tó wà níkùn mi ti pọ̀ jù, ó sì ti lé lọ́dún méjì tí mi ò ti rí ohùn tí mo lè fi sọ ọ́. Bí mi ò bá sọ ọ́ fún yín, ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Ràsákì àbúrò mi ti ní ẹjọ́ mi ti sú òun.

Ilẹ̀kùn yín ṣì wà níbẹ̀ o. Ìrókò tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín ṣà nínú pákó tẹ́ ẹ̀ ń tà ní Òtò, tẹ́ ẹ sì mú káfíńtà wá kàn sẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Muṣin lẹ́yìn táwọn olè wọlé tọ̀ wá. Káfíńtà fẹ́ lu ihò kékeré sí i tá a ó máa fi yọjú wo ẹni tó wà níta, ẹ kọ̀ jálẹ̀. Àwọn olè yẹn ò fọ́ ilẹ̀kùn kankan. Wọ́n kanlẹ̀kùn ni, wọ́n dárúkọ Súlè tó ń gbé lókè, àwa náà sì ṣí i fún wọn. Láti ọjọ́ yẹn lẹ ti ṣòfin pé ẹni tó bá dárúkọ, a ò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn fún un. Orúkọ, ẹnikẹ́ni ló lè jí i lò. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ilé yìí, kó ní "Èmi ni," ohùn rẹ̀ á sọ ìyókù. Kò sí ilé Yorùbá tí wọn ò ti ń dáhùn bẹ́ẹ̀, àmọ́ níbòmíràn àṣà lásán ni, nílé tiwa òfin ni. Mo rántí òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ iná tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ nínú oòrùn, tó ń dárúkọ ara rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀, tó tún ń ti káàdì gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé sí yín. Ẹ ò ṣí i. Wọ́n sì já iná wa lọ́jọ́ yẹn.

Èmi lẹ wá fi òfin yẹn fìyà jẹ jù. Bí mo bá ti iléèwé dé, ẹ ó ní, "Ta nìyẹn?" Màá ní, "Èmi ni." Ẹ ó tún ní, "Ìwọ ta?" Ẹ mọ̀ pé èmi ni o! Ẹ kàn fẹ́ kí n gbaná jẹ ni. Màá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, màá máa fẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn, màá ka gbogbo ohun tójú mi ti rí látàárọ̀ sílẹ̀, láti orí tíṣà tó nà mí dé orí oòrùn tó ń pa mí níta, ẹ̀yin á sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ ó máa rẹ́rìn-ín. Màámi ló máa ń gbà mí sílẹ̀. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ ṣílẹ̀kùn fún ọmọ oníjà kó tó wólé mọ́ gbogbo wa lórí. Nígbà yẹn, mo rò pé ẹ kórìíra mi ni.

Ọ̀sẹ̀ tá a sin yín ni ohùn mi há. Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, torí mo sunkún débi pé wọ́n ní kí wọ́n gbé mi kúrò lẹ́bàá yín. Nígbà tó fi máa di fìdáù ọjọ́ kẹjọ, mo ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga. Gbogbo ẹni tó wá kí wa ló ń sọ pé ẹkún bàbá mi ló gba ohùn lọ́fun mi, pé bí ọmọ tó fẹ́ràn bàbá rẹ̀ ṣe ń rí nìyẹn. Mo gbà wọ́n gbọ́. Kí n má purọ́ fún yín, ó tilẹ̀ dùn mọ́ mi nínú díẹ̀. Àwọn kan fi aṣọ ṣọ̀fọ̀ yín, èmi fi ohùn. Mo ní tí ọ̀fọ̀ bá ti fúyẹ́ lára mi, ohùn á padà wá fúnra rẹ̀. Ta ló máa sáré lọ sílé ìwòsàn nítorí pé ó sunkún bàbá rẹ̀?

Ọ̀fọ̀ fúyẹ́, ohùn ò padà. Gbogbo ẹni tó lẹ́nu wá di ẹni tó ní oògùn. Orógbó ni wọ́n kọ́kọ́ kó fún mi, mo jẹ ẹ́ títí kíkorò rẹ̀ ò fi kúrò lẹ́nu mi mọ́, tó jẹ́ pé bí mo bá mumi, omi á korò. Oyin, ata ilẹ̀, omi gbígbóná oníyọ̀, àgbo tí ìyàwó Ràsákì gbé wá láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, kò sí èyí tí mi ò mu. Ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì kan ní Sùúrùlérè, wọ́n ní táífọ́ọ̀dù ni. Ní ilé ìwòsàn kékeré kan nítòsí ibi tí mo háyà sí ní Yaba, wọ́n ní omi kíkan ló ń ti inú mi gòkè wá jó mi lọ́fun. Wọ́n kọ oògùn rẹ̀ fún mi, mo lò ó tán, wọ́n tún un kọ. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ tí mo bá gun àtẹ̀gùn, wọ́n ní ikọ́ efée ni, wọ́n fún mi ní ike kan tí màá máa fà sẹ́nu. Ibòmíràn ní kí n tutọ́ sínú ife bóyá ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Kì í ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ. Wọ́n ní kí n lọ sinmi.

Bàbá, nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó wo ọ̀fun mi kọjá ibi tí ahọ́n parí sí. Wọ́n á tan iná fóònù, wọ́n á ní kí n lanu kí n ṣe "àà," wọ́n á mirí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ oògùn. Bí mo bá ní kì í ṣe ibi tí wọ́n ń wò yẹn ló ń dà mí láàmú, pé ó wà nísàlẹ̀, wọ́n á wò mí bí ẹni tó fẹ́ kọ́ wọn níṣẹ́. Kí ló dé tẹ́nì kan ò lè sọ pé òun ò mọ̀? Ṣé ọ̀rọ̀ yẹn wúwo tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ni?

Ẹ rántí iṣẹ́ mi tẹ́ ẹ fi ń yangàn fáwọn oníbàárà yín ní Òtò, pé ọmọ yín wà níléeṣẹ́ kan ní Yaba, òun ló ń dá àwọn èèyàn lóhùn lórí fóònù tí nǹkan bá dà wọ́n láàmú. Àwọn èèyàn yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní "sà." Mo kọ́kọ́ ń ṣàlàyé pé obìnrin ni mí, ó sú mi, mo jẹ́ sà náà bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan tí mo bá yanjú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣàdúà fún mi gan-an, ó ní Ọlọ́run á fún mi ní ìyàwó tó máa tọ́jú mi. Mo ṣe àmín. Kí ni ǹ bá ṣe? Kò pẹ́ sígbà náà tí ọ̀gá mi fi mú mi kúrò nídìí fóònù, tó ní kí n máa fọwọ́ tẹ èsì ránṣẹ́ sáwọn èèyàn. Ó rọra sọ ọ́, ó tilẹ̀ fi oúnjẹ ọ̀sán ṣe mí lálejò lọ́jọ́ náà, àmọ́ mo mọ ohun tó sọ.

Ti iṣẹ́ kọ́ ló dùn mí jù. Mi ò lè bínú mọ́ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bí mi, ẹ mọ̀ pé bí mo bá ti bínú tí mo ti sọ ọ́ jáde, ó ti tán nìyẹn, mo lè jókòó ti ẹni tí mo bá jà kí n bá a jẹun. Lọ́jọ́ kan, oníkẹ̀kẹ́ kan gbé mi kọjá ibi tí mo ń lọ ní Ojúẹlẹ́gba, òun náà ló tún ń bú mi. Mo lanu láti fún un ní tirẹ̀, atẹ́gùn lásán ló jáde, bíi táyà tó ń jò. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ. Mo jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù ẹni ẹlẹ́ni, mo sunkún bí ọmọdé. Ìbínú tí kò bá rọ́nà jáde, inú ẹni náà ló ń jẹ.

Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ló júwe dókítà kan fún mi, obìnrin, kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ, tó jẹ́ pé etí, imú àti ọ̀fun nìkan niṣẹ́ rẹ̀. Kí n tó lè jókòó níwájú rẹ̀, ojú mi rí nǹkan. Mo débẹ̀, àwọn dókítà daṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọ̀fun bàjẹ́. Wọ́n tún ẹ̀rọ ṣe, iná lọ, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ jẹnẹrétọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì ti lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Ẹ fojú inú wo èmi ọmọ yín tí mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tí gbogbo ohun tó yẹ kí n sọ fún wọn kún inú mi, tí mi ò lè pariwo lé ẹnikẹ́ni lórí.

Nígbà tó wá kàn mí, dókítà ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ihò imú mi wọlé, iná àti kámẹ́rà wà lórí rẹ̀, ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí ó fi dé inú gògóńgò. Omi ń dà lójú mi. Ó yí tẹlifíṣàn kékeré kan sí mi kí n lè rí ohun tí òun ń rí. Okùn ohùn méjì ló wà níbẹ̀, funfun, wọ́n ń ṣí, wọ́n ń padé, bí ilẹ̀kùn aláwẹ́ méjì. Lórí ti apá òsì, lápá ẹ̀yìn, kókó kan jókòó síbẹ̀, pupa rúsúrúsú, kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ. Òun ni kò jẹ́ kí ilẹ̀kùn náà pa dé dáadáa. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń jẹ orógbó, ibẹ̀ ló wà. Mi ò tíì kórìíra ohun kékeré tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Wọ́n já díẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n fi ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ wo ẹran ara. Èsì pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó dé, wọ́n ní jẹjẹrẹ ni. Àwọn àgbà dókítà jókòó lé ọ̀rọ̀ mi lórí, wọ́n ní ohun tó dáa jù ni kí wọ́n yọ gògóńgò náà kúrò pátápátá, kí wọ́n dá ihò sí mi lọ́rùn tí màá máa fi mí. Ohùn tó há yẹn gan-an á lọ, mi ò sì ní rí òmíràn. Ẹ mọ ohun tó wá sí mi lọ́kàn? Kì í ṣe ikú. Ilẹ̀kùn yín ni. Iṣẹ́ abẹ ojú tí Màámi lọ ṣe lásìkò tẹ́ ẹ kú kò bọ́ sí i, Bàbá. Wọn ò ríran mọ́. Ohùn wa nìkan ló kù tí wọ́n fi ń rí wa. Mo rí ara mi tí mo dúró síta ní Muṣin, tí Màámi ń bèèrè ta nìyẹn, tí mi ò sì lè ní èmi ni.

Dókítà obìnrin yẹn ni kò gbà. Ó ní bí òun ṣe rí kókó náà, ó ń dán, kò lọ́gbẹ́ lórí, kò jọ jẹjẹrẹ lójú òun. Ó ní kí wọ́n tún mú díẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n mú un láti ìsàlẹ̀, káwọn mìíràn sì bá wọn wò ó. Mi ò sùn dáadáa títí wọ́n fi wò ó tán. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Kókó kan ni tí kì í pani, tí kò wọ́pọ̀ rárá, pàápàá nínú ọ̀fun. Dókítà náà ní inú ìwé lòun ti kà nípa rẹ̀, òun ò tíì rí i lára èèyàn rí. Orúkọ rẹ̀ gùn ní èdè Òyìnbó, mi ò ní fi dà yín láàmú. Ìwà rẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbọ́. Ó máa ń mú kí awọ tó bò ó nípọn lódì, débi pé bí wọ́n bá já òkè rẹ̀ nìkan wò, bíi jẹjẹrẹ ló máa rí. Bàbá, olè tó dárúkọ Súlè ni! Ó wọlé tọ̀ mí, ó ń jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn, díẹ̀ ló sì kù kí wọ́n wó gbogbo ilé nítorí rẹ̀.

Gbogbo èèyàn ní kí n dúpẹ́. Mo dúpẹ́, mo wólẹ̀ dúpẹ́. Àmọ́ lẹ́yìn ọpẹ́, inú tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi, mi ò sì mọ ẹni tí mo fẹ́ bá jà. Ẹni tó kọ jẹjẹrẹ? Ohun tó rí ló kọ. Àwọn tó ń kó orógbó fún mi? Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń kó o. Ṣé ẹ̀yin ni kí n bá jà, tó jẹ́ pé ẹkún yín ni wọ́n kọ́kọ́ ti gbogbo rẹ̀ sí lórí? Mo ronú kan ìyẹn náà, ẹ má bínú.

Wọ́n fún mi lóògùn oorun, wọ́n gba ẹnu wọlé, wọ́n gé kókó náà kúrò. Kò sí àpá kankan lọ́rùn mi. Kó má bàa tún hù, wọ́n ní láti gé díẹ̀ mọ́ ọn lára okùn ohùn, ìdí nìyẹn tí dókítà fi sọ fún mi ṣáájú pé ohùn tó máa padà wá lè má jẹ́ èyí tó lọ. Ó wá ní kí n dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mi ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pàápàá, mi ò gbọdọ̀ sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, kí n máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kí n má sì jẹ́ kí ohunkóhun mú mi pariwo títí ojú ọgbẹ́ á fi jinná, torí bí mo bá ya á, ohùn lè lọ pátápátá. Ẹ wá wo báwọn èèyàn ṣe ń bá ẹni tí kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ lò. Wọ́n ń pariwo mọ́ mi bíi pé adití ni mí. Ìyá onílé mi ń fọwọ́ júwe omi fún mi. Ọ̀fun ni wọ́n gé o, wọn ò gé etí!

Mi ò lọ sí Muṣin láàárín ìgbà yẹn. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n. Ta ló lè jókòó ti Màámi kó má sọ̀rọ̀? Ràsákì, tí òun àtìyàwó rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú wọn, ní òun á máa ṣàlàyé. Ibẹ̀ la ti ṣìnà.

Ẹ ò ní mọ èyí, torí ẹ̀yin lẹ kú. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kú, Màámi wà lórí bẹ́ẹ̀dì nílé ìwòsàn, bándéèjì wà lójú wọn, àwọn àgbà ẹbí sì ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ fún wọn. Bá a ti ń ṣe é nìyẹn, a kì í já irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lu ẹni tára rẹ̀ ò dá. Bí wọ́n bá bèèrè yín, Ràsákì á ní, "Bàbá ń sinmi." Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ bá àwọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, á ní ẹ ń sinmi. Ọjọ́ fìdáù ni wọ́n mú wọn délé, tí wọ́n wá mọ irú ìsinmi tẹ́ ẹ̀ ń sinmi.

Wàyí o, Màámi bèèrè mi. Ràsákì ò tilẹ̀ rò ó kó tó sọ ọ́, ó ní, "Ó ń sinmi." Màámi ní kí n bá àwọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní mi ò lè sọ̀rọ̀, kí wọ́n jẹ́ kí n sinmi. Láti ìgbà yẹn, wọn ò bèèrè mi mọ́. Ìyàwó Ràsákì ló kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi pé Màámi ò jẹun dáadáa, pé òun gbọ́ tí wọ́n ń ṣàdúà lórí ẹní ìkírun, tí wọ́n ní kí Ọlọ́run fi Àlùjáńnà kẹ́ ọmọ àwọn. Èmi ni wọ́n ń ṣàdúà òkú fún, Bàbá. Mo jókòó ní Yaba tí mò ń mu ọbẹ̀ ẹja, ìyá mi ti sin mí.

Àárọ̀ ọjọ́ tí dókítà ní mo lè lanu, Màámi ni mo kọ́kọ́ pè lórí fóònù Ràsákì. Ohùn tó jáde lẹ́nu mi, èmi gan-an ò mọ̀ ọ́n. Ó ki, ó wálẹ̀, ó ní gbígbẹ kan létí. Mo ní, "Màámi, ẹ káàárọ̀ mà, èmi ni." Mo gbọ́ tí wọ́n ń bá Ràsákì sọ̀rọ̀ pé, "Gba fóònù ẹ. Ta lẹ tún lọ háyà wá?"

Mo ti wọ bàtà kí Ràsákì tó pa fóònù. Nígbà tí mo fi máa dé Muṣin, òun àtìyàwó rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́, Màámi nìkan ló wà nílé, wọ́n ti ti ìdábùú ilẹ̀kùn. Mo kàn án.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni."

Mo ń gbọ́ mímí wọn lẹ́yìn ìrókò yẹn.

"Ìwọ ta?"

"Màámi, èmi ni. Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ jọ̀ọ́."

"Padà lọ bá Ràsákì. Sọ fún un pé ìyá ẹ̀ ti mọ̀. Kó wá jókòó síwájú mi kó sọ bí ọmọ mi ṣe kú fún mi. Kó yéé kó èèyàn wá tàn mí."

Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀. Mò ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí dókítà ṣe wí, mo bẹ̀ wọ́n, mo ní kí wọ́n kàn ṣí i díẹ̀ kí wọ́n fọwọ́ kàn mí. Wọn ò ṣí i. Ó rẹ̀ mí, ni mo bá ṣe ohun tí ọmọ yín ò gbọdọ̀ ṣe. Mo dárúkọ. Mo dárúkọ ara mi, mo dárúkọ yín, mo dárúkọ tí ìyá yín sọ mí.

"Ẹ gbọ́ olè," ni Màámi wí. "Ó ń dárúkọ."

Bàbá, mo gbaná jẹ. Mo dìde, mo fẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn yẹn.

"Ó tó gẹ́ẹ́, Màámi! Ó ti tó! Orógbó tẹ́ ẹ fún mi, mo jẹ ẹ́! Àgbo, mo mu ún! Wọ́n ní táífọ́ọ̀dù, wọ́n ní ikọ́ efée, wọ́n ní jẹjẹrẹ, wọ́n fẹ́ yọ gbogbo ọ̀fun mi dà nù! Wọ́n ń pè mí ní sà! Wọ́n ń ṣàdúà ìyàwó fún mi! Mo bọ́ nínú gbogbo ẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bí mi wá lẹ ní mo kú? Ta ló sọ fún yín pé mo kú? Ṣé òkú ló ń gbálẹ̀kùn báyìí? Ẹ ṣílẹ̀kùn yìí kí n tó já a!"

Súlè yọjú láti òkè. Àwọn ará ilé kejì jáde. Ohùn mi ya láàárín, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gòkè, àmọ́ kò dáwọ́ dúró. Ohun tó wà níkùn mi láti ọjọ́ oníkẹ̀kẹ́ Ojúẹlẹ́gba, gbogbo rẹ̀ ló jáde. Nígbà tí mo dákẹ́ láti mí, ẹ̀rù wá bà mí. Mo di ọ̀fun mi mú, mo rò pé mo ti ba gbogbo iṣẹ́ dókítà jẹ́.

Mo wá gbọ́ ẹ̀rín. Màámi ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń fọwọ́ wá ìdábùú, wọn ò rí i mú, wọ́n ń bú ìdábùú.

"Kò sẹ́ni tí Ràsákì lè háyà tó lè bínú báyìí," ni wọ́n ń wí. "Kò sí i. Ọmọ oníjà nìyí. Ọmọ mi nìyí."

Ilẹ̀kùn ṣí. Wọ́n fọwọ́ wá ojú mi, wọ́n fọwọ́ wá ọrùn mi, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé gògóńgò mi, wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo ní èmi ni. Wọn ò gbọ́wọ́ kúrò. Mo ní èmi ni, èmi ni, títí ohùn tuntun náà fi mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìgbà tó yá ni wọ́n bi mí bóyá mo fẹ́ já ilẹ̀kùn bàbá mi ni.

Dókítà bínú sí mi gan-an nígbà tó gbọ́. Ó tún ti rọ́bà bọ̀ mí nímú, ó wò ó lọ wò ó bọ̀, kò sí ohun tó ya. Mo ṣì gbọ́dọ̀ máa padà lọ kó máa yẹ̀ ẹ́ wò, torí kókó náà lè tún fẹ́ hù. Màámi ti ń jẹun. Ràsákì ti ṣèlérí pé òun ò ní lo ọ̀rọ̀ ìsinmi fún ẹnikẹ́ni mọ́ nínú ilé yẹn. Inú ṣì ń bí mi sí ọ̀pọ̀ nǹkan, àmọ́ mo ti ń sọ ọ́ jáde, ó sì ń lọ.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín gan-an nìyí. Gbogbo ìgbà yẹn tẹ́ ẹ fi ń sọ "Ìwọ ta?" fún mi, tẹ́ ẹ̀ ń mú mi bínú lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí Màámi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín tí wọ́n ń gbọ́, kí lẹ̀ ń ṣe? Ṣé eré lásán ni? Mo mọ̀ pé ẹ ò ní dáhùn. Ẹ̀yin lẹ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, bí ẹ ṣe máa ń wà.

Ìwé ò ní ohùn, Bàbá. Látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń rò ó bẹ́ ẹ ṣe máa mọ ẹni tó kọ ọ́ sí yín. Mi ò ní dárúkọ, torí mo mọ irú èèyàn tẹ́ ẹ jẹ́. Àmọ́ ẹ ti gbọ́ bí mo ṣe ń jà bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá tún lè bèèrè pé ìwọ ta lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ mọ ohun tí màá fẹsẹ̀ ṣe.

Pẹ̀lú ìfẹ́, àti ìbínú tẹ́ ẹ bí mọ́ mi,

Èmi ni.